Ọ̀nà Wo Ni Ó Yẹ Kí Àgbàlagbà Gbà Kọ́ Gìtá? Ìfiwéra Ọ̀nà Márùn-ún

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó ní gìtá kan tí ó fi ẹ̀yìn ti ògiri nínú yàrá, tí eruku ti bò, tí okùn rẹ̀ kan ti já, tí ẹni tí ó rà á kò sì lè sọ ìgbà tí ó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. A máa ń sọ pé ọ̀lẹ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀, tàbí pé ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ti ẹni tí ìka rẹ̀ ṣì lè kọ́ nǹkan tuntun. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ gìtá ní Èkó nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 38, pẹ̀lú iṣẹ́ oṣù, ìyàwó àti ọmọ méjì, ohun tí mo sì rí ni pé ọ̀nà tí ènìyàn gbà wọ inú ẹ̀kọ́ náà ni ó sábà máa ń dá a dúró, nítorí pé kò bá bí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lọ mu. Ọ̀nà márùn-ún ni ó wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ fi gìtá gbafẹ́: olùkọ́ tí ń wá sí ilé, ilé ẹ̀kọ́ orin, ẹgbẹ́ akọrin tàbí ẹgbẹ́ eléré, ẹ̀kọ́ orí fóònù, àti olùkọ́ tí a ń rí lórí fídíò. Mo ti gba mẹ́ta nínú wọn kọjá fúnra mi, mo sì ti wo ọ̀rẹ́ àti ẹbí nínú méjì tó kù.

Kí a tó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n. Àkọ́kọ́ ni owó, gbogbo rẹ̀ pátá, nítorí pé owó olùkọ́ nìkan kọ́ ni ènìyàn ń san: owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, dátà wà níbẹ̀, owó okùn tuntun náà wà níbẹ̀, pàápàá ní ìlú tí ó sún mọ́ òkun bí Èkó, níbi tí okùn onírin ti ń tètè dípẹtà. Èkejì ni bóyá ẹ̀kọ́ yóò wáyé ní ọjọ́ tí a ní yóò wáyé. Ẹ̀kẹta ni irú orin tí ẹ fẹ́ ta: ẹni tí ó kàn fẹ́ máa fi gìtá gbe orin ìyìn fún ìdílé rẹ̀ ní alẹ́, ẹni tí ìró gìtá jùjú ń pa bí ọtí, àti ẹni tí ó fẹ́ máa ka àmì orin lójú ìwé, ọ̀nà kan náà kọ́ ni yóò gbé wọn débi tí wọ́n ń lọ. Ẹ̀kẹrin, èyí tí èmi kà sí jù, ni ẹni tí yóò gbọ́ àṣìṣe yín, àti bí yóò ṣe tètè gbọ́ ọ tó.

Mo ní ìdí tí mo fi ka ẹ̀kẹrin yìí sí. Oṣù méje gbáko ni mo fi dá kọ́ gìtá lórí fóònù. Ní gbogbo àkókò náà, bí mo bá ti tẹ kọ́ọ̀dù C (kọ́ọ̀dù ni ohùn mélòó kan tí a ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà), okùn kejì á máa hanran, okùn kìíní kò sì ní dún rárá. Mo di ẹ̀bi ru gìtá, mo pààrọ̀ okùn lẹ́ẹ̀mejì, mo tilẹ̀ ti ń wo òmíràn tí n ó rà. Ọjọ́ tí mo jókòó níwájú olùkọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n ta orin tán. Ó fa àtàǹpàkò mi, tí mo gbé kọ́ sórí ọrùn gìtá, wálẹ̀ sí ẹ̀yìn ọrùn náà, ìka mi tí ó ti dùbúlẹ̀ lé okùn kìíní sì dìde dúró fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sún ìka ìfábẹ̀lá mi síwájú títí tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn onígìtá ń pè ní fírẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n tún un ta. Ohùn márààrún jáde. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Olùkọ́ tí ń wá sí ilé

Ọ̀nà yìí ni ó fi ojú àti etí sún mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ jù, òun náà ni ó sì sábà máa ń wọ́n jù bí a bá fi wákàtí ṣírò rẹ̀. Iye tí wọ́n ń gbà yàtọ̀ láti àdúgbò sí àdúgbò, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò yàtọ̀: ká ní olùkọ́ kan ní òun yóò gba 10,000 náírà fún wákàtí kan, tí ó sì ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, 40,000 náírà ni ẹ ó san lóṣù, kí a tó ka owó ọkọ̀ tí yóò béèrè bí owó epo bá ti lọ sókè. Ẹ lè ní kí ó máa wá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí owó náà di ìdajì. Àgbàlagbà tí ń ṣiṣẹ́ kì í sábà tíì mú ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ yìí mọ́ra kí ọ̀sẹ̀ mìíràn tó dé, nítorí náà àdínkù yìí kò pa ẹ̀kọ́ lára tó bí a ṣe lè rò, bí ẹ bá ṣáà ń gbé gìtá fún 20 ìṣẹ́jú lójúmọ́ láàárín méjì.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń já ènìyàn kulẹ̀ ni pé olùkọ́ lè má wá. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́ni ní gìtá nínú ilé ni ó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní òde ìnáwó, ọjọ́ Sátidé tí ẹ̀yin ráyè sì ni ọjọ́ tí òde ń pè wọ́n. Ní oṣù Kejìlá, ẹ má tilẹ̀ retí wọn. Ẹni tí mo kọ́kọ́ pè gba owó oṣù kan lọ́wọ́ mi kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó wá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ni fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìsí ẹni tí ó gbé e. Láti ìgbà náà, ọjọ́ tí olùkọ́ bá wá ni mo ń sanwó ọjọ́ náà, mo sì yan alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun dípò Sátidé. Ẹ má sì tìtorí pé ẹnì kan mọ gìtá ta gbà á ṣe olùkọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ wo iye ìgbà tí gìtá wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti iye ìgbà tí ó wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tí ó bá fi ìdajì wákàtí dá ara rẹ̀ lára yá níwájú yín, òde ni ó ń ṣe, kì í kọ́ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn ìwé ìtọ́sọ́nà òyìnbó kì í sọ, nítorí pé kò sí nínú ilé tiwọn. Olùkọ́ gìtá yín lè jẹ́ ọmọ ọdún 24, kí ẹ̀yin sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bàbá rẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ kì í wo ojú àgbà kí ó sọ fún un pé ohun tí ó ń ṣe kò dára. Ọmọkùnrin tí ń kọ́ mi báyìí máa ń sọ pé, “Ó ń bọ̀, sà, ẹ ń gbìyànjú,” lẹ́yìn ohunkóhun tí mo bá ta, ìbáà dùn, ìbáà má dùn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo gbé gìtá lélẹ̀, mo ní, “Àbúrò, bí mo bá ti ṣì í, dá mi dúró níbẹ̀ náà.” Ó rẹ́rìn-ín, ó wolẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Ẹ ti ń ṣì í láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.” Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti ń jẹ ìdajì ìlù kan mì ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń kúrò ní G bọ́ sí C, ó sì ti ń fi ẹsẹ̀ gúnlẹ̀ láti fi hàn mí, èmi rò pé orin ni ó ń dùn mọ́ ọn. Bí ẹ bá yan ọ̀nà yìí, tí olùkọ́ yín sì kéré sí yín, ẹ tètè fún un láṣẹ láti bá yín wí, kí ẹ má sì ba ojú jẹ́ nígbà àkọ́kọ́ tí ó bá lo àṣẹ náà.

Ilé ẹ̀kọ́ orin

Àǹfààní ilé ẹ̀kọ́ ni pé kì í ṣe orí ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ dúró lé. Ọjọ́ àti àkókò ti wà lákọsílẹ̀, bí olùkọ́ kan kò bá sí, a lè fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fi òde ìnáwó pa kíláàsì jẹ. Ní Èkó, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ti MUSON (Musical Society of Nigeria) ní Onikan, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983. Àwọn kéékèèké sì wà káàkiri.

Púpọ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ń múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò ABRSM tàbí ti Trinity College London, àjọ méjì ti Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣe ìdánwò orin, tí ìpele wọn gùn dé 8, ó sì yẹ kí ẹ fara balẹ̀ béèrè kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Gìtá tí ABRSM ń fi dán ènìyàn wò ni ti klásíkà, èyí tí okùn rẹ̀ jẹ́ ti náílọ́nù, tí a ń fi ìka ta láìlo píìkì, ègé pẹlẹbẹ kékeré tí àwọn mìíràn fi ń ta okùn, tí a sì ń ka orin rẹ̀ lójú ìwé. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ṣe ìpele 6 níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú tíọ́rì orin ìpele 5 tàbí èyí tí wọ́n gbà dípò rẹ̀. Trinity ní ẹ̀ka Rock & Pop tí ó súnmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní gìtá. Mo mọ ọkùnrin oníṣirò owó kan tí ó forúkọ sílẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ máa ta orin jùjú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, orin Spéènì àtijọ́ méjì ni ó mọ̀, ó sì ń tà á dáadáa, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Ilé ẹ̀kọ́ kò ṣẹ̀ ẹ́. Kò béèrè ni.

Owó rẹ̀ máa ń wá lápapọ̀: fọ́ọ̀mù, owó táàmù kan lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé, owó ìdánwò fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ni ó ń jẹ owó àti agbára jù. Ẹni tí ó ń gbé ní Ìkòròdú, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, tí kíláàsì rẹ̀ sì wà ní Onikan ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, gbọ́dọ̀ la Third Mainland Bridge kọjá, afárá tí ó gùn ju kìlómítà 11 lọ, kí ó sì tún padà gba orí rẹ̀ lọ sílé; fún wákàtí kan gìtá, ó lè fi mẹ́rin jókòó sínú gọ́slò. Bí ilé ẹ̀kọ́ kò bá sí lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ sí ilé yín, ẹ má tan ara yín. Kíláàsì alápapọ̀ rọrùn lápò ju ti ẹni kan lọ, àmọ́ etí olùkọ́ di ti gbogbo yín, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yóò sì ta á bó ṣe yẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò wá yíjú wò yín.

Ẹgbẹ́ akọrin àti ẹgbẹ́ eléré

Ọ̀nà àtijọ́ tiwa nìyí. Ebenezer Obey wà nínú ẹgbẹ́ Fatai Rolling Dollar kí ó tó dá International Brothers tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964. King Sunny Adé náà bá Moses Ọláìyá ṣeré, ẹni tí gbogbo ayé padà wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá, kí ó tó dá dúró. Ẹni tí ń fi gìtá gbafẹ́ kò wá irú ipò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ẹgbẹ́ wà níbẹ̀ fún òun náà.

Etí ni wọ́n ń kọ́ ènìyàn níbẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, aṣáájú orin kì í sọ kíì, ìyẹn ohùn tí orin dúró lé, tí ó fẹ́ lò. Ó kàn máa gbé orin ni, ẹ ó sì wá a lórí okùn kẹfà, ohùn kan tẹ̀lé òmíràn, títí tí ọwọ́ yín yóò fi bá a. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe kọ́ọ̀dù, gẹ́gẹ́ bí ipò rẹ̀ nínú kíì náà: 1, 4, 5, nígbà mìíràn 6 kí a tó bọ́ sí 2, kí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ní kíì kan lè gbé e lọ sí òmíràn láìsí pé ó tún un kọ́. Ní ti jùjú, ó tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gìtá kan á máa tún ègé orin kúkurú kan ta láìyí padà, òmíràn á máa gba àárín rẹ̀ kọjá, ọ̀kan yóò wá máa dá akọrin lóhùn bí ẹni pé dùndún ni wọ́n fi okùn sí. Ègé tí ẹ̀yin ń ta lè má ju ohùn mẹ́rin lọ, kí ó sì rọrùn bí ẹ bá dá wà. Ẹ jẹ́ kí gìtá kejì wọlé, kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ́ yìí kò sí nínú yàrá ẹni kan ṣoṣo.

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ná ènìyàn ní owó, ìdánrawò kì í sì í yẹ̀. Àkókò ni owó rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àti òwúrọ̀ Sọ́ńdè di ti ẹgbẹ́, ìgbà tí ẹ bá sì ti wọlé, àìwá yín di ọ̀rọ̀ tí pásítọ̀ yóò bá yín sọ. Alábẹ̀rẹ̀ pátápátá kò ní ṣe nǹkan kan níbẹ̀ ju kí ó jókòó sẹ́yìn lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ráyè ṣàlàyé. “Ẹ wo ọwọ́ mi” ni gbogbo ìtọ́ni. Mùsùlùmí tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ẹni tí kò fẹ́ orin ìjọ, lè lọ bá onígìtá ẹgbẹ́ eléré kan tí ń ṣeré ní òtẹ́ẹ̀lì ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ó fún un ní nǹkan, kí ó sì máa jókòó tì í níbi ìdánrawò. Òru ni eré wọn sábà máa ń parí. Ẹni tí ó ní ibi iṣẹ́ lọ ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè kí ó rò ó dáadáa.

Fóònù

Ọ̀nà yìí rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀, ó sì rọrùn jù láti pa tì. JustinGuitar, ìkànnì ẹ̀kọ́ gìtá tí Justin Sandercoe, ọmọ Australia, dá sílẹ̀ ní 2003, ní ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí a tò láti ìpìlẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Fender Play, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, àti Yousician jẹ́ ti àsanlóṣù tàbí àsanlọ́dún, wọ́n sì ń gbé owó wọn lé orí dọ́là, nítorí náà ẹ má fi iye tí ẹ rí lónìí ṣírò ti ọdún tó ń bọ̀. Yousician a máa gbọ́ ohun tí ẹ ta láti inú fóònù, á sì sọ bí ohùn náà bá ṣì. Etí ni ó ní, kò ní ojú, kò lè rí àtàǹpàkò tí ó gun orí ọrùn gìtá. Àtúnṣe tí mo rí sí i ni pé kí ènìyàn gbé fóònù mìíràn sí ẹ̀gbẹ́, kí ó ya fídíò ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó sì fi wé ti olùkọ́.

YouTube ni ewu wà jù. Ó rọrùn kí ènìyàn kọ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ méjìlá, kí ó má sì kọ́ ẹ̀kọ́ kejì lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ẹ yan ọ̀kan, ẹ gba fídíò rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí dátà wà, kí àìsí iná má dí yín lọ́wọ́. Ẹ sì mọ̀ pé orin Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ gìtá jùjú tí a tò lẹ́sẹẹsẹ fún alábẹ̀rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Olùkọ́ lórí fídíò

Àbúrò ìyàwó mi ní Manchester ni ó jẹ́ kí n gba ọ̀nà yìí gbọ́. Olùkọ́ rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta, jùjú ni ó ń kọ́ ọ, agogo wọn sì bára mu ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìgbà òtútù, wákàtí kan péré ni ó wà láàárín wọn. Owó tí ó ń san kò tó nǹkan bí a bá fi pọ́n-ùn kà á, ó sì tẹ́ olùkọ́ náà lọ́rùn ju ohun tí àwa ará ilé ń fún un lọ. Àìpé ọ̀nà yìí ni pé ohùn máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé, nítorí náà ẹni méjì kò lè ta gìtá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Olùkọ́ á ta, akẹ́kọ̀ọ́ á gbà á. Zoom tún máa ń rò pé ariwo ni ìró gìtá, á sì máa pa á mọ́lẹ̀, àyàfi bí ẹ bá lọ sínú ètò rẹ̀ kí ẹ sọ fún un pé kí ó fi ohùn sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Ẹ yí kámẹ́rà sí ọwọ́ òsì, kì í ṣe sí ojú.

Ta ni kí ó mú èwo?

Ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan gìtá rí, tí ó sì lè fi owó díẹ̀ sílẹ̀ lóṣù, kí ó gba olùkọ́ sí ilé fún oṣù mẹ́ta, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ó sì fi ìkànnì ọ̀fẹ́ kan kún àárín rẹ̀. Oṣù mẹ́ta náà ni àkókò tí ọwọ́ ń mú àṣà rere tàbí búburú. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a kí ó bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n kí ó tọ́jú owó ọjọ́ méjì péré fún olùkọ́: ọ̀kan ní òpin oṣù kìíní, ọ̀kan ní òpin oṣù kẹta. Bí mo bá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, n kì bá tí ra okùn tí mo rà yẹn.

Ẹni tí ó fẹ́ ìwé ẹ̀rí, tàbí tí ìfẹ́ rẹ̀ wà nínú orin tí a ń kà lójú ìwé, ilé ẹ̀kọ́ ni tirẹ̀, bí ilé ẹ̀kọ́ náà bá wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ kọ́ọ̀dù bíi mẹ́fà, tí ó sì lè pààrọ̀ wọn láìdúró, kí ó má tún pẹ́ nínú yàrá mọ́. Ẹgbẹ́ ni kí ó lọ. Yorùbá tí ó wà ní òkè òkun, tí gìtá Sunny Adé ń wù, kí ó wá olùkọ́ nílé lórí fídíò, kí ó sì kọ́kọ́ bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ti ta gìtá nínú ẹgbẹ́ jùjú rí, kí ó ní kí ó ta díẹ̀ sí etí òun kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ owó.